Ìwé Oko Màmá Abà: Ohun tí Oko Kòkó Ìdílé Wa Kọ́ Mi

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ìwé oko. Ọdún 1980 ni, ọdún kan náà tí ẹbí wa pín oko kòkó bàbá àgbà, ẹni tí mo sì ń kọ ọ́ fún ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá Abà. Màmá kò mọ̀ọ́kọ, kò sì mọ̀ọ́kà, ṣùgbọ́n ní alẹ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan nígbà ìsinmi ilé-ìwé, lẹ́yìn tí a bá ti jẹ iyán tán, yóò gbé àtùpà sórí àpótí, yóò mú ìwé kan jáde láti inú garawa tí ó ń kó rìsíìtì owó-orí sí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é fún mi: iye àpò kòkó tó lọ sí ìsọ̀, iye tí sìkéèlì sọ, ẹni tó wọ̀n ọ́n, iye igi tó kú, iye tí a gbìn rọ́pò wọn. Bí oorun bá ń kùn mí tí mo sì fẹ́ fo ọ̀kan, yóò ní, "Kọ ọ́, ọmọ mi. Bí mo bá kú, ìwé yìí ni wọn yóò bi léèrè." Ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn náà kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi.

Oko náà wà ní apá Bọ́lọ́runduró, ní ọ̀nà tí ó gba ìlú Oǹdó lọ sí ìhà odò Òwénà. Éékà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ìyẹn nǹkan bíi hẹ́kítà mẹ́fà. Bàbá tó bí bàbá àgbà ni ó dá a sílẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, Agége ni àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ wa máa ń lọ ṣe iṣẹ́ alágbàṣe nínú oko kòkó àwọn ọlọ́rọ̀ Èkó, irú bíi J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Owó nìkan kọ́ ni àwọn alágbàṣe wọ̀nyí ń gbé bọ̀ wálé, wọ́n ń gbé èso kòkó bọ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ń gbé ìmọ̀ bí a ṣe ń gbìn ín bọ̀. Ní Oǹdó níbí, àwọn kan ti gbọ́ nípa rẹ̀ ṣáájú nínú ìjọ, nítorí Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips wà lára àwọn tó ń gba àwọn onígbàgbọ́ níyànjú láti gbìn ín. Bàbá ńlá wa gbé èso tirẹ̀ dé láti Agége, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún bàbá àgbà tí òun náà sì sọ ọ́ fún wa. Ó gbin hóró mẹ́ta mẹ́ta sí ẹ̀bá ebè iṣu, lábẹ́ òjìji ọ̀gẹ̀dẹ̀. Iṣu, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi bọ́ ilé fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà kí kòkó tó máa so dáadáa. Yí oko náà ká, ó gbin peregún láti fi ṣe ààlà, ó sì fi àwọn igi ńlá bí òmọ̀ àti afárá sílẹ̀ láàrin kòkó láti máa ṣíji bò ó. Mo ní kí ẹ fi peregún yẹn sọ́kàn, nítorí pé n óò padà sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bàbá àgbà ni ó sọ oko yìí di ńlá. Ìgbà tirẹ̀ ni ìgbà àjọ Cocoa Marketing Board, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1947, tí ó sì bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Àjọ ni ń sọ iye tí a óò ta kòkó, ó sì ń dá apá kan owó náà dúró sọ́dọ̀. Nígbà tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní January 1955, àwọn àbúrò bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì kọ́ Cocoa House sí Ìbàdàn parí ní 1965, bàbá àgbà wọ mọ́tò lọ wò ó, ó dúró níwájú rẹ̀ títí ọrùn fi ń dùn ún, ó sì padà wálé wá sọ fún àwọn ìyàwó rẹ̀ pé àpò tòun náà wà nínú ilé yẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kọ́ jù lọ nínú ìgbésí ayé bàbá àgbà ni ọ̀rọ̀ ìdógò. Ní 1949, ó fi éékà mẹ́ta dógò fún oníṣòwò kan kí ó lè rí owó ilé-ìwé gíga àbúrò rẹ̀ san. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tí kò bá ìdógò láyé. Ẹni tó yá ènìyàn lówó ni yóò gba oko, òun ni yóò máa ká kòkó ibẹ̀ lọ́dọọdún, ohun tó bá ká ni èlé owó rẹ̀, kò sì dín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè. Ọjọ́ tí onígbèsè bá kó odidi owó wá ni oko tó padà. Ó gba bàbá àgbà ní ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí ó gba oko rẹ̀ padà ní 1957, àfòmọ́ ti bo orí igi, kòkó dúdú tó ti gbẹ ń fì lára ẹ̀ka, gbogbo àyè tí igi ti kú sì ti di igbó. Oníṣòwò náà kò hùwà ìkà lójú ara rẹ̀. Ó ká ohun tó jẹ́ tirẹ̀ láti ká ni, kò sì rí ìdí tí òun yóò fi gbin igi tí ẹlòmíràn yóò ká. Bàbá àgbà gbìyànjú lórí éékà mẹ́ta yẹn títí ó fi dàgbà, ṣùgbọ́n kò padà bọ̀ sípò lójú ayé rẹ̀.

Ó dolóògbé ní 1979. Ìyàwó mẹ́rin ni ó fẹ́, ọmọ mẹ́tàdínlógún ni ó sì fi sáyé lọ. Ọ̀nà méjì ni àwa Yorùbá fi ń pín ogún: ìdí-igi, tí a ń fi iye ìyàwó pín, àti orí-ò-jorí, tí a ń fi iye ọmọ pín. Àwọn ìdí tí ọmọ wọn pọ̀ ń fẹ́ orí-ò-jorí, àwọn tí ọmọ wọn kéré ń fẹ́ ìdí-igi, ariyanjiyàn náà sì gba oṣù mẹ́rin gbáko. Níkẹyìn, olórí ẹbí dá a sí ìdí-igi. Wọ́n ta okùn, wọ́n fi àdá sá ara igi, oko di mẹ́rin. Ìdí kejì ni tiwa. Éékà mẹ́ta àbọ̀ ni wọ́n fún wa, éékà mẹ́ta tó ti inú ìdógò bọ̀ yẹn sì wà nínú rẹ̀. Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ní Àkúrẹ́ nígbà náà. Ìlú náà ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ láti 1976, iṣẹ́ ìjọba sì ń pe gbogbo ẹni tó bá mọ̀wé. Ó gbà pé wọ́n rẹ́ wa jẹ, ó bínú, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Màmá Abà nìkan ni ó dúró.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo sì gbà gbọ́ ni pé bí ìpín wa ṣe burú yẹn ni ó gba oko náà là. Àwọn ìdí yòókù gba igi tó ń so, nítorí náà wọ́n ń ká. Màmá gba igi tó ń kú, kò sì sí ohun tó lè ṣe ju kí ó gbìn lọ. Àádọ́jọ igi ni ó ń gbìn lọ́dún, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìyẹn ni agbára rẹ̀ gbé. Yóò ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú kí òjìji lè wà. Èso irú Amazon tí àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ń pín ni ó ń lò, yóò hù wọ́n lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́bàá ilé abà, yóò sì kó wọn lọ sóko nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá ti múlẹ̀. Ó ní okùn kan tí ó so kókó sí ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá mẹ́wàá, òun ni ó fi ń wọn àlàfo igi sí igi. Okùn yẹn wà lọ́wọ́ mi di òní. Tí ó bá di oṣù January, nígbà tí ewé igi ńlá ti wọ́, tí àfòmọ́ kò sì lè fara pamọ́ mọ́, yóò gba ọmọkùnrin kan láti gun igi kòkó kọ̀ọ̀kan kí ó gé gbogbo rẹ̀ kúrò kí ẹyẹ tó jẹ èso rẹ̀ lọ fi sára igi mìíràn.

Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ fòpin sí àwọn àjọ tí ń ra irè oko, ẹnikẹ́ni tó bá ní owó sì lè ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀. Owó kòkó fò sókè ní náírà. Àwọn ọmọ ẹbí tí a kò rí láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá àgbà wá láti Èkó, láti Benin, láti Àkúrẹ́, olúkúlùkù pẹ̀lú àpò òfìfo. Kò sí ẹni tó gbé ọmọ igi kan dání. Kò sí ẹni tó fẹ́ dúró de kòkó mọ́ pẹ̀lú. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó yẹ kí kòkó tútù fi wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí a máa yí i padà ní ọjọ́ méjì méjì, kí ó tó dé orí ẹní tí a óò ti sá a. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ra kòkó kiri nígbà náà ń gba tọjọ́ méjì, wọ́n ń gba èyí tí kò tíì gbẹ, wọn kò sì bìkítà. Màmá kò yà kúrò lórí ọjọ́ mẹ́fà rẹ̀. Mo rí i tí wọ́n san iye kan náà fún tirẹ̀ àti fún tàwọn tó kánjú, ó sì dùn mí gan-an. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọwọ́ òun kò mọ ọ̀nà mìíràn.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́gun rẹ̀ ni ààlà. Àrùn tí ń sọ kòkó di dúdú a máa jà gan-an nígbà òjò, òjò ni ó sì ń gbé e láti ara kòkó kan sí òmíràn, láti orí ilẹ̀ sí ara igi. Ẹni tó bá fẹ́ borí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa já gbogbo kòkó tó ti bàjẹ́ kúrò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì máa fín oògùn. Bí aládùúgbò bá fi tirẹ̀ sílẹ̀ lórí igi, iṣẹ́ ìwọ náà di ìdajì. Láti 1988 ni mo ti ń rí i nínú ìwé: "A san owó alágbàṣe méjì láti já kòkó dúdú kúrò ní ìpín ìdí kìn-ín-ní." Àgbàlagbà obìnrin tí kò ní lọ́wọ́ ń sanwó láti tọ́jú oko tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, kí tirẹ̀ má baà kú. Okùn tí wọ́n ta ní 1980 pín igi, ṣùgbọ́n kò lè pín òjò.

Màmá Abà papò dà ní 2003. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé garawa náà fún mi. Ìwé mọ́kàndínlógún ni ó wà nínú rẹ̀, ìkọ̀wé ọmọ méje ni mo sì kà, nítorí pé lẹ́yìn tí mo ti lọ, gbogbo ọmọ tó bá wá lo ìsinmi ní abà ni ó ń fún ní bírò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣírò rẹ̀ ní ilé mi ní Àkúrẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ́fíìsì. Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ni ó ní kí a máa kọ: ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan, yóò béèrè iye tí ìdí mẹ́ta yòókù rí, yóò sì ní kí a kọ ìyẹn náà. Ní ọdún 2002, éékà mẹ́ta àbọ̀ tirẹ̀ mú àpò mọ́kànlá wá. Éékà mọ́kànlá àbọ̀ tó kù, àpò mẹ́tàlá péré. Tí a bá rántí pé àpò mẹ́rìndínlógún ni ó ń di tọ́ọ̀nù kan, a óò rí i pé éékà mọ́kànlá àbọ̀ yẹn kò mú tọ́ọ̀nù kan wá mọ́.

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ó ná mi ní oṣù mẹ́jọ. Mo pe ìpàdé ẹbí ní oṣù January 2004, ní ilé bàbá àgbà ní ìlú Oǹdó, mo sì dìde láti ka àwọn iye yẹn sétí gbogbo ènìyàn. Mo rò pé òtítọ́ tí a bá ti kọ sílẹ̀ kò nílò ohun mìíràn. N kò tíì lọ sọ́dọ̀ àgbààgbà ìdí kọ̀ọ̀kan nílé wọn ṣáájú, n kò fún ẹnikẹ́ni láǹfààní láti gbọ́ ọ ní kọ̀rọ̀ kí ojú tó tì í ní gbangba. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá mi dìde, ó ní mo ti kàwé débi tí mo fi fẹ́ gba oko gbogbo wọn, ó sì jáde. Ìpàdé tú ká. Ẹ̀bi mi ni. Bí a bá fẹ́ sọ fún àgbà pé oko rẹ̀ ń kú, ìdọ̀bálẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, a kì í fi ìwé bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó tún un ṣe ni ọmọbìnrin kan láti ìdí kìn-ín-ní, ẹni tí mo ń pè ní àbúrò mi. Mo gbé ìwé náà lọ hàn án, ó ṣí èyí tí ó jẹ́ ti 1991, ó sì dákẹ́. Ìkọ̀wé òun fúnra rẹ̀ ni ó rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà, Màmá Abà ni ó sì pè é fún un láti kọ: "Ìdí kìn-ín-ní, àpò mẹ́jọ." Ní 2002, àpò mẹ́rin. Òun ni ó gbé ìwé náà lọ bá bàbá rẹ̀, ó sì jókòó tì í lálẹ́ mélòó kan. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀nà ti là. Mo lọ láti ilé dé ilé, mo gbọ́ ìbínú tó ti wà nílẹ̀ láti 1980, mo sì dákẹ́ níbi tó yẹ kí n dákẹ́.

Ní oṣù September ọdún náà, a jókòó pẹ̀lú agbẹjọ́rò kan ní Àkúrẹ́. Ó sọ fún wa nípa ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, èyí tí ilé-ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá ní 1962, tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà, àti pé olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí níbi tí ìjà bá ti wà. Ọ̀rọ̀ yẹn fi àwọn àgbà lọ́kàn balẹ̀, nítorí pé wọ́n rí i pé a kò wá láti sọ pé ìdájọ́ olórí ẹbí kò dára. Ìdí-igi dúró. Ohun tí a yí padà ni ohun tí a ń pín. A fọwọ́ sí i pé oko di ọ̀kan ṣoṣo padà, pé a kò ní pín igi mọ́, owó ni a óò máa pín. Nínú gbogbo owó kòkó, ìdá kan nínú márùn-ún yóò padà sínú oko kí ẹnikẹ́ni tó mú kọ́bọ̀, ìyókù yóò sì pín sí mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò gbọdọ̀ fi apá kankan dógò tàbí tà á. Lọ́dọọdún, a óò tún éékà kan àbọ̀ gbìn, débi pé láàrin ọdún mẹ́wàá, kò ní sí igi àtijọ́ mọ́. Àti pé ìwé oko yóò máa wà, ẹnikẹ́ni láti ìdí èyíkéyìí yóò sì lè wá kà á nígbà tó bá fẹ́.

Mo gbé iṣẹ́ títún oko gbìn lé ara mi lórí, àṣìṣe kejì sì wà níbẹ̀. Ní 2005, mo kánjú. Mo gé gbogbo igi tó wà lórí éékà kan àbọ̀ àkọ́kọ́, àtijọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òmọ̀ méjì, mo sun ún, mo sì gbin 650 ọmọ igi sí gbangba. Bàbá kan wà ní abà wa, ọmọ Àgàtú láti ìpínlẹ̀ Benue, tí ó ti bá Màmá ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìdínlógún. Ó dúró wò mí, ó ní, "Ọ̀gá, oòrùn yóò pa wọ́n. Màmá máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣáájú ni." Mo dá a lóhùn pé ìjọba ní kí a máa gbin kòkó bí ìwé ṣe wí. Kò sí ìwé kankan tó wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ fi kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, àádọ́rùn-ún ni ó yè. Owó ìdá kan nínú márùn-ún ti ọdún àkọ́kọ́, owó tí gbogbo ẹbí fi ìgbàgbọ́ gbé kalẹ̀, bá oòrùn lọ. Mo pe ìpàdé, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Àbúrò bàbá mi tó jáde ní ìpàdé 2004 ni ó kọ́kọ́ fèsì. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo kọ ọ́. Láti ọdún kejì, bàbá ọmọ Àgàtú yẹn ni ó darí gbígbìn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a fi ń ṣáájú, a sì ń fi igi kòkó àtijọ́ díẹ̀ sílẹ̀ láàrin àwọn tuntun títí wọn yóò fi dúró. Ewé àti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń jẹrà nílẹ̀ ní iṣẹ́ tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀: inú wọn ni àwọn eṣinṣin kéékèèké tí ń gbé àtíkè òdòdó kòkó láti igi dé igi ti ń pa ọmọ. Oko tó mọ́ tónítóní jù kì í so tó bó ṣe yẹ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́, CRIN, gbé àwọn irú tuntun mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní TC jáde ní 2010, a fi wọ́n rọ́pò díẹ̀díẹ̀. Wọ́n yára so ju ti àtijọ́ lọ. Ó gbà wá ní ọdún mẹ́tàlá dípò mẹ́wàá kí gbogbo oko tó di tuntun.

Ọdún 2024 ni ó dán àdéhùn wa wò. Ọ̀gbẹlẹ̀, òjò àìròtẹ́lẹ̀ àti àrùn ti dín kòkó kù ní Ivory Coast àti Ghana, owó tọ́ọ̀nù kan ní ọjà àgbáyé sì kọjá 10,000 dọ́là ní ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn. Ní apá ìbẹ̀rẹ̀ 2023, kò tó 3,000. Àwọn oníṣòwò ń wá sí abà lóru láti ra kòkó tútù. Àwọn olè ń ká èyí tí kò tíì pọ́n, a sì ní láti máa ṣọ́nà yípo. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ìdí kẹta ní kí a tún oko pín, kí olúkúlùkù mú tirẹ̀ nígbà tí ọjà ṣì gbóná. N kò bá wọn jiyàn. Mo pè wọ́n sí abà, a ṣí ìwé 1986 àti 1987, mo sì ní kí wọ́n ka ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà fúnra wọn, ọdún tẹ̀ lé ọdún, títí dé 2002. Méjì nínú wọn jáwọ́. Ẹnì kẹta kò tíì fi ọkàn sí i tán, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí owó ilé-ìwé ọmọ ni ó ń lé e, bí ó ti lé bàbá àgbà ní 1949. A yá a lówó láti inú àpò ẹbí láìgba èlé, a kò sì gba igi kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kí 2025 tó parí, owó kòkó ti já sísàlẹ̀ gidigidi.

Ọmọbìnrin mi, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní FUTA, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ni ó ń darí oko báyìí. Òun ni ó gbé iṣẹ́ mìíràn wá. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ṣe òfin pé kòkó tó bá fẹ́ wọ ọjà wọn gbọ́dọ̀ wá láti ilẹ̀ tí a kò pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 December 2020, a sì gbọ́dọ̀ lè fi hàn lórí àwòrán ilẹ̀ ibi tí oko náà wà gan-an. Oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, gbogbo ààlà rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Ọjọ́ méjì ni ó fi gbé fóònù rìn yípo oko, mo sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ìhà mẹ́ta ni a ti bá peregún bàbá ńlá wa, àwọn kan ti ga ju ilé lọ, àwọn kan ti wó tí wọ́n sì ti hù padà láti ìdí. Ibi tí wọ́n bá wà ni ó ń fi àmì sí. Mo rò nípa bàbá yẹn tó gbé èso kòkó ti Agége dé, tí kò sì mọ̀ pé igi tí òun rì mọ́lẹ̀ yóò jẹ́rìí fún ọmọ-ọmọ-ọmọ òun.

Ní ìhà kẹrin, ní apá ìsàlẹ̀ odò, kò sí peregún kankan mọ́. Ẹbí tó ní oko kejì sọ pé ààlà wà ní òkè ju ibi tí àwa mọ̀ lọ. Nínú ìwé 1983, pẹ̀lú ìkọ̀wé tèmi, Màmá ní kí n kọ pé peregún mẹ́rin ló kù ní ìhà odò, ó sì ka iye ẹsẹ̀ tó wà láàrin wọn. A ti mú ìwé náà lọ bá olórí ẹbí wọn nílé rẹ̀, ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú obì àti ìdọ̀bálẹ̀. Ó ní kí a wá ní Sátidé tó ń bọ̀ kí a jọ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ọmọbìnrin mi ti gé ẹ̀ka peregún méjìlá sínú omi, wọ́n ti ń ta gbòǹgbò.